Ṣé Orúkọ Ifá Ń Dí Ìbùkún Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó-Èkìtì kò sì yọ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fẹ́ ìbùkún Ábúráhámù, àfi kó yọ Ifá àti Ògún kúrò nínú orúkọ baba rẹ̀. Fágbèmí á di Olúgbèmí, Ògúnlékè á di Jésùlékè. Wọ́n ní bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe ya ara wọn sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Kì í ṣe pé a kò jọ àwọn Júù o. Láyé àtijọ́, ọjọ́ 9 ni à ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ 7 ni ti obìnrin, ọjọ́ 8 ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ 8 ni ọ̀pọ̀ wa ń lò fún gbogbo wọn. Ọjọ́ 8 yìí kan náà ni àwọn Júù ń kọ ọmọkùnrin nílà tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, kí ẹ ka ibi tí Ísáákì ti súre fún Jákọ́bù. Àgbà jẹun tán, ó wúre. Nígbà tí Ésáù fi máa dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ẹyin lọ̀rọ̀. Baba Èkìtì wo ni kò ní rò pé ọ̀rọ̀ ilé òun ni wọ́n ń sọ? Kódà, nínú èdè Hébérù, lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló gbé ìbùkún àti orúnkún ró. Àwa náà ńkọ́? Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ wa ti ń gba ìre.

Ṣùgbọ́n ní ti orúkọ, Bíbélì yìí gan-an ló tako wọn. Ta ni Módékáì? Òun ni òun àti Ẹ́sítérì jọ gba ìran Júù lọ́wọ́ Hámánì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ara Marduk, òrìṣà àgbà àwọn ará Bábílónì, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn Júù kò torí ìyẹn pa á rẹ́. Lọ́dọọdún, nígbà àjọ̀dún Púrímù, wọ́n ń ka ìtàn rẹ̀ sókè nínú sínágọ́gù. Ẹ wá wo Ìsàn-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́. Ọmọ ibẹ̀ ni Káyọ̀dé Fáyẹmí tó ṣe gómìnà láti 2010 sí 2014, àti láti 2018 sí 2022. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ó ń jẹ́ John, Ifá sì wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀ gedegbe. Kí ló dí i lọ́wọ́?

Ẹlòmíràn á ní, “Àwọn Júù náà ń yí orúkọ padà.” Òótọ́ ni. David Ben-Gurion, olórí ìjọba Ísírẹ́lì àkọ́kọ́, Grün ni orúkọ ìdílé tí wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ibo ló yí i sí? Inú èdè àwọn baba ńlá rẹ̀ ni! Eliezer Ben-Yehuda, tó dé Jerúsálẹ́mù ní 1881, ní Hébérù nìkan ni wọn yóò máa sọ nínú ilé òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń fi í tọ́ ọmọ nígbà náà. Àwa ńkọ́? Ọmọ Èkìtì mélòó ló ṣì mọ̀ pé ulé ni ilé, uṣu ni iṣu?

N kò fi ẹni tí ìgbàgbọ́ mú yí orúkọ padà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó má fi Júù ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, òbí Júù a gbé ọwọ́ lé orí ọmọkùnrin rẹ̀, a ní kí Ọlọ́run ṣe é bí Éfúráímù àti Mánásè. Íjíbítì, ilẹ̀ àjèjì, ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, síbẹ̀ ìre baba àgbà wọn bá wọn níbẹ̀. Ìyá àgbà wà ní Ìkọ̀lé tó ń retí ọmọ-ọmọ láti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, kó lè gbọ́wọ́ lé e lórí. Ìre pọ̀ lẹ́nu ìyá náà. Ọmọ tí kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, níbo ni yóò ti mọ ibi tí à ń ṣe àmín sí?