Ọgbọ́n Ọwọ́ Awakọ̀ Aṣálẹ̀

Ní orílẹ̀-èdè Mauritania, òkúta ló pọ̀ lójú ọ̀nà láti Atar sí Chinguetti, ṣùgbọ́n iyanrìn ló gba ọ̀nà kan láti ibẹ̀ lọ sí Ouadane. Ìlú àtijọ́ ni Chinguetti àti Ouadane, UNESCO sì kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1996. Ojú ọ̀nà oníyanrìn yìí ni iṣẹ́ awakọ̀ aṣálẹ̀ ti ń níyì.

Kó tó wọ iyanrìn, yóò jo afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí yóò fi ku nǹkan bí ìdajì. Táyà tó rọ̀ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í tètè rì. Ojú awakọ̀ náà ló yẹ ká yìn jù: àwọ̀ iyanrìn ló fi ń mọ ibi tó le. Kì í tẹ bíréèkì lójijì. Orí ilẹ̀ líle tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń dúró sí, kó lè rọrùn láti gbéra. Bí ọkọ̀ bá rì, kì í fi ipá tẹ iná mọ́ ọn, nítorí táyà tó ń yí lójú kan ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ ni. Ṣọ́bìrì ni yóò mú, yóò kó iyanrìn kúrò pẹ̀lú sùúrù, yóò ki irin pẹlẹbẹ sábẹ́ táyà.

Bí ọ̀nà bá tún di òkúta, yóò fẹ́ táyà padà, torí òkúta a máa ya èyí tó rọ̀.