Òṣùwọ̀n Ìwé fún Àwọn Ọmọdé

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé fún ọmọ, tàbí tí ó fẹ́ yan ìwé fún un, ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ọwọ́ ọmọ náà tó, kí ó má baà fi èyí tí ó le jù mú ìwé kíkà sú u, kí ó má sì fi èyí tí ó rọrùn jù sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe bẹbẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1948 ni Rudolf Flesch gbé ìlànà tirẹ̀ fún wíwọn bí ìwé ti le tó jáde, ọdún kan náà tí Edgar Dale àti Jeanne Chall gbé tiwọn jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ ilé wa jù lọ ni ti Edward Fry, ẹni tí ó ṣe é nígbà tí ó ń bá àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ùgáńdà, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968. A ó mú 100 ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, 100 láti àárín, àti 100 láti apá ìparí. A ó ka gbólóhùn inú wọn, a ó ka sílébù inú wọn. Ibi tí ìṣirò méjèèjì bá ti pàdé lórí àwòrán tí ó yà ni a ó ti mọ kíláàsì tí ìwé náà yẹ. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí pé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àlejò láti inú Látìn àti Gíríìkì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gígùn, ọmọ kì í sì í sábà gbọ́ wọn lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí ka Yorùbá, yóò ṣì wá lọ́nà. Sílébù méje ni ó wà nínú Olúwafúnmiláyọ̀, síbẹ̀ ọmọ tí ó ń jẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ ìkómọ. Ẹ wá wo òwe tí ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án, kò sí ọ̀kan tí ó ju sílébù méjì lọ, ọmọ ọdún mẹ́fà sì mọ ilé, ó mọ ọba, ó mọ iná, ṣùgbọ́n kí ó tó mọ bí àdánù ti ṣe ń di ẹwà, ó di ìgbà tí àgbà kan bá jókòó tì í. Bí a bá fi sílébù nìkan wọ̀n wọ́n, orúkọ ni yóò le, òwe ni yóò rọrùn.

Gígùn gbólóhùn pàápàá kò tó dá ẹjọ́ náà. Gbólóhùn D. O. Fágúnwà nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1938, gùn gbọọrọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń fi ayọ̀ kà á, nítorí pé awẹ́ kan ń fa èkejì lọ́wọ́, àwítúnwí sì ń jẹ́ kí wọ́n mí. Àmì ohùn tí òǹtẹ̀wé fò ni ó ń ni ọmọ lára jù: ẹni tí ó bá pàdé “igba” lásán ní láti ka gbólóhùn dópin kí ó tó mọ̀ bóyá igbá ni tàbí ìgbà.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí ó yẹ wá ni ọmọ fúnra rẹ̀. Emmett Betts, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mìíràn, ti fi irú rẹ̀ lélẹ̀ ní 1946: kí ọmọ kàwé sókè sí etí olùkọ́, bí ó bá ṣi ọ̀kan péré nínú 100 ọ̀rọ̀, kí ó máa dá a kà, bí ó bá ṣi márùn-ún, kí olùkọ́ dúró tì í, bí ó bá ṣi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé náà ju agbára rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó bi í léèrè ohun tí ó kà, nítorí ẹnu lè ka ohun tí kò yé ọkàn. J. F. Ọdúnjọ, tí ó to àwọn ìwé Aláwìíyé ní ìpele-ìpele, ti ṣe olùkọ́ rí; ẹni tí ó ti gbọ́ ohùn ọmọ nínú kíláàsì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ.

Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé àti ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pé ti ọmọ ọdún méje ni, ẹ fi àmì ohùn sí i pé pérépéré, kí ẹ sì pe ọmọ ọdún méje kí ó kà á fún yín.