Orin Tí Kò Ní Ègbè

Lọ́dọ̀ àwa olórin jùjú, ègbè ni ilé orin. Ibi yòówù kí ẹni tó ń lé orin rìn dé, bí àwọn ẹlẹ́gbè bá ti gbè é, ó ti padà sílé nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí “Lost Highway”, orin kọ́ńtírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi máa ń gbá mi mú: kò ní ègbè rárá.

Leon Payne, olórin afọ́jú láti Texas, ló kọ ọ́ ní 1948. Hank Williams gbé e jáde ní 1949, ohùn ti Hank yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22 ló ṣìnà nínú orin náà: káàdì, ọtí, irọ́ obìnrin kan. Ó ti pẹ́ jù fún un láti gbàdúrà, kò sì rí ọ̀nà gbà padà. Ẹsẹ mẹ́rin péré ni, orúkọ orin náà ló sì ń gbẹ̀yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan.

Ká ní Payne fi ègbè sí i ni, lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni à bá máa mú ọmọ náà délé, ara ì bá sì tù wá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ kan parí sójú ọ̀nà, òmíràn bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ orin ni ì bá ti wá ìyá arúgbó kan tó ń gbàdúrà sí ìparí rẹ̀. Payne ní kí alárìnkiri yìí kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ ni, kó kìlọ̀ fún wọn. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Hank náà kò fi ẹkún kún un. Bí ẹni tó ń jẹ́rìí ló ṣe kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe kedere.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1953, Hank kú lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sóde eré ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ ọdún 29 ni. Àwọn kan máa ń ka orin yìí sí àsọtẹ́lẹ̀ ikú rẹ̀. Èmi kò gbà. Iṣẹ́ ọpọlọ Payne ni, agbára rẹ̀ sì ti pé kí ikú tó dé.

Nígbà tí kò ti sí ẹlẹ́gbè nínú orin náà, ohun èlò ló ń dá alárìnkiri náà lóhùn, pàápàá sítíìlì gìtá, èyí tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀ títí á fi ké. Irú rẹ̀ ni Démọ́lá Adépọ̀jù ta fún King Sunny Adé nínú àwo “Juju Music” ti 1982. Ọ̀yàyà ló kún inú tirẹ̀, láàárín gángan àti àwọn ẹlẹ́gbè. Ẹnì kan ṣoṣo ni ti inú orin Hank dúró tì. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní gìtá, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n tẹ́tí sí: bí sítíìlì náà ṣe ń jẹ́ kí olórin sọ̀rọ̀ tán kó tó fi ìba tirẹ̀ sí i, tí kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.