Owó-Orí ní Àkànrán

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Social Studies a máa kọ gbólóhùn kan náà sínú ìwé bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ nípa owó-orí: ọmọ-ìlú rere a máa san án. Ó parí. Bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá wáyé ní Àkànrán, ní Ọ̀nà-Àrà, tí a kò sì dárúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà, mo gbà pé ẹ̀kọ́ náà kò ì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Táfà Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ko ìjọba lójú ní 1968 sí 1969, nítorí owó-orí tí kò bá èrè kòkó mu. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì dín owó náà kù.

Èdè ni mo dá lẹ́bi jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ olùkọ́ yìí fún ọdún 3 gbáko kí ó tó gba NCE, ó sì ń ti inú ìwé wo abúlé. Bẹ́ẹ̀ (ẹ jẹ́ kí n rán wa létí), nínú ètò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá dá sílẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún 6.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ jókòó ti àgbàlagbà kan, kí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹni ogún ọdún ní 1968 ti lé ní 75 báyìí.