Iṣẹ́ Ọwọ́ Onínẹ́tíwọ̀kì ní Hóstẹ́ẹ̀lì

Kí onínẹ́tíwọ̀kì tó mọṣẹ́ tó sanwó wáyà lọ́jà, ọ̀bẹ kékeré ló kọ́kọ́ máa ń yọ. Á bó èèpo ẹnu wáyà náà, á fa ọ̀kan yọ nínú mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀, á sì fi ojú ọ̀bẹ ha á. Bí ibi tó ha bá pupa fòò dé inú, bàbà ni. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi bàbà bò lára ni, á sì dá a padà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì máa ń kán bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn díẹ̀. Onílé hóstẹ́ẹ̀lì kò ní mọ ìyàtọ̀. Tó bá ti wọnú ògiri, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Síbẹ̀ ó ha á.

Mo fẹ́ràn kí n máa wo àwọn èèyàn yìí lẹ́nu iṣẹ́. Ìròyìn okùn abẹ́ òkun la máa ń gbọ́: MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010, Equiano, tí wọ́n fi Olaudah Equiano sọ lórúkọ, gúnlẹ̀ ní 2022, láti ilẹ̀ Pọtogí sì ni àwọn méjèèjì ti wá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó dùbúlẹ̀ sórí bọ́ńkì rẹ̀ ní Àgbọwọ́, tó ń dúró kí ìwé tí olùkọ́ ní kí wọ́n kà ṣí, kì í ṣe òkun ló ń dá a dúró. Ìwọ̀nba mítà tó kẹ́yìn ni, láti inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn dé yàrá rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ló ṣe ibẹ̀, bó bá sì ti ṣe é ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ ká wo orí wáyà. Mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n lọ́ wọn ní méjì-méjì. Alexander Graham Bell ló gba ìwé àṣẹ lórí irú lílọ́ yìí ní 1881, nítorí tẹlifóònù. Bí méjì bá lọ́ mọ́ra, ariwo iná tó bá kọlu ọ̀kan á kọlu èkejì bákan náà, ẹ̀rọ tó wà lópin á sì yọ ọ́ dànù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi í tú wọn ju bó ti yẹ lọ, kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi mìlímítà 13. Á fi àtàńpàkò nà wọ́n kí wọ́n tó tò: funfun alámì ọsàn, àwọ̀ ọsàn, funfun alámì ewé, búlúù, funfun alámì búlúù, àwọ̀ ewé, funfun alámì búráùn, búráùn. Á gé ẹnu wọn kó bára dọ́gba, á tì wọ́n sínú orí ike, á sì fún un pa.

Àwọ̀ ewé méjèèjì kò fara kanra nínú ètò yẹn, búlúù méjì ló jókòó sáàárín wọn. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ délẹ̀. Ẹni tó ń kánjú á to ewé tẹ̀ lé ewé, búlúù tẹ̀ lé búlúù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló mọ́jú. Bó bá sì ti ṣe é bákan náà lápá kejì, ẹ̀rọ ìdánwò kékeré á tan iná láti 1 dé 8 láìfo ọ̀kan. Á gbowó, á lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 3 àti 6 nínú orí ike náà ló yẹ kí wọ́n jọ rìn, ó sì ti fi wọ́n sórí wáyà méjì tí kò lọ́ mọ́ra. Bí okùn náà bá kúrú, ó lè má hàn. Bó bá gùn dé àjà kẹta, ohun gbogbo á máa wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa bú ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún wọn.

Mo gbọ́ tí ọmọṣẹ́ kan kígbe láti orí àkàbà pé, "Ọ̀gá, gbogbo iná ló tàn o!"

"Mo rí i. Gbé orí ẹ̀ wá, kí n wò ó."

Ọ̀gá gbé e sójú oòrùn, ó ka àwọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti ara ike náà, ó sì mú abẹ́. "Gé e. Tún un ṣe." Kò bínú, kò pariwo. Ọmọ náà sì tún un ṣe.

Ti Wi-Fi tún yàtọ̀. Onílé máa ń fẹ́ kí wọ́n gbé ẹyọ kan tó lágbára sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì parí síbẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ rédíò. Ìgbì 2.4 GHz á wọlé díẹ̀, 5 GHz tó yá jù ú lọ á rẹ̀ kíákíá lẹ́yìn ògiri méjì. Bí ilẹ̀kùn bá tún wá jẹ́ ti irin, tí balùwẹ̀ àti páìpù omi wà láàárín, yàrá tó wà ní ìkángun á máa rí àmì lórí fóònù láìrí nǹkan ṣí. Fóònù gbọ́ ẹ̀rọ ńlá náà, ẹ̀rọ náà ni kò gbọ́ fóònù, torí agbára fóònù láti dá a lóhùn kéré. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á gbé ẹ̀rọ kéékèèké púpọ̀ síbẹ̀, á sì dín agbára wọn kù. Ó ya onílé lẹ́nu pé wọ́n ń dín agbára ohun tó fowó rà kù! Lórí 2.4 GHz, á pín wọn sí ọ̀nà 1, 6 àti 11, torí àwọn mẹ́ta yẹn ni kì í gun orí ara wọn, á sì ṣọ́ ọ kí àjà òkè má lo ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àjà tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an.

Láàárín ilé kan sí èkejì, kò ní fa bàbà. Òjò wa ní àrá nínú. Bí àrá bá sán nítòsí, bàbà tó so ilé méjì pọ̀ á gbé iná wọlé lápá méjèèjì, á sì jó ohun tó bá bá níbẹ̀. Okùn bàbà kò sì gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ. Dígí ló ń lò, ìyẹn fáíbà, irú èyí tí Charles Kao ṣàlàyé ní 1966 pé ó lè gbé ìmọ́lẹ̀ jìnnà, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2009. Ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ìdá 9 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Láti jó méjì pọ̀, á wá yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, á pa fáànù. Á bó o, á fi alcohol nù ún, á gé e kí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú pátápátá, á tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ. Iná kan á ta pàrà láàárín wọn, dígí méjì á di ọ̀kan. Ìgbà náà ló máa wá àfọ́kù tó gé dànù, á fi sẹlotéèpù gbé e, torí bó bá wọ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i yọ.

Gbogbo èyí kò tíì kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Ìgbà tí wọ́n bá dé ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń rí ogun. Ẹnì kan á ra router tiẹ̀, á ki wáyà sí ihò tí kò yẹ, router náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì fún gbogbo àjà náà, fóònù gbogbo wọn á sọ pé àwọn ti wọlé, nǹkan kan kò sì ní ṣí. Ẹlòmíì á mú orí wáyà méjèèjì ki sínú switch kan náà, ọ̀rọ̀ á máa yí po láìdúró títí gbogbo ilé á fi kú. Radia Perlman ti yanjú ìyẹn láti 1985: switch á rí i pé ọ̀nà náà yí po, á ti apá kan pa fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ rántí láti tan ètò náà, kó sì sọ fún switch pé ẹnu ihò kan ṣoṣo ni kó ti gba ìdáhùn àdírẹ́sì.

Lẹ́yìn náà ni pípín dátà láàárín wọn. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́, ẹni tó ń fa fíìmù á kún ìlà náà bí ẹni tó gbé garawa ata mẹ́wàá síwájú ẹni tó mú abọ́ kan wá sídìí ẹ̀rọ ìlọta. Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ètò CoDel jáde ní 2012 kí ìlà bẹ́ẹ̀ má bàa gùn jù, àwọn mìíràn sì fi pípín lọ́gbọọgba kún un. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ router tó ń lo Linux, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi máa ń dùn nígbà tí mo bá rí onínẹ́tíwọ̀kì tó padà wá lálẹ́, nígbà tí gbogbo yàrá kún, láti dán an wò, tó sì ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ kúulé o. Ṣé ó ń ṣí dáadáa?" Ọ̀sán kò lè sọ òótọ́ fún un.

Kó tó lọ, ó lẹ nọ́ńbà yàrá mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan, lápá méjèèjì, ó sì lẹ àwòrán ilé náà mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i lè má jẹ́ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ hóstẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ẹ pe onínẹ́tíwọ̀kì kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri. Páìpù tí yóò fẹ́ kí ẹ gbìn sínú ògiri kò wọ́n nígbà náà. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, tí wọ́n ti kùn ún, ẹ̀bá àjà ni wáyà máa gbà, àwọn eku á sì kà á sí oúnjẹ.