Ohùn Ta Ni? Sẹ̀gilọlá àti Àwọn Obìnrin Ọjà Èkó

Bí a bá ń wá obìnrin mẹ̀kúnnù tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní Èkó, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Láàárín ọdún 1929 sí 1930 ni àwọn lẹ́tà rẹ̀ ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ọdún 1930 náà ni wọ́n di ìwé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni òǹkọ̀wé. I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó fúnra rẹ̀, ni ó fi Sẹ̀gilọlá bojú.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí ó lò kò kéré. Ó lo ọ̀rọ̀ arọ́pò-afarajorúkọ 'èmi' láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dárúkọ àdúgbò Èkó tí òǹkàwé mọ̀, ó sì fi orin ìgbà náà há ọ̀rọ̀ láàárín. Ó mú kí asọ̀tàn máa sunkún àìsàn àti òṣì rẹ̀ bí ìtàn ti ń lọ. Abájọ tí àwọn òǹkàwé fi ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀ bí ẹni pé alààyè ni.

Síbẹ̀, ibi tí ìwé náà dùn sí ni àbùkù rẹ̀ wà. Gbogbo ayé Sẹ̀gilọlá di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ìrònúpìwàdà rẹ̀ kò sinmi. Ohun tí àwùjọ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi wé àwọn obìnrin ọjà. Ní ọdún 1940, ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Ẹrẹ́kò, kò mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá akọ̀wé, wọ́n tẹ ìka sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì tú jáde. Ìjọba gbé gègé náà dé £200. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó kọ ìwé yẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó rán an níṣẹ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mé jẹ'.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò má ṣe dúró lórí pé 'èmi' ni asọ̀tàn ń lò. Kí ó béèrè ẹni tí ó mú kálámù dání, ẹni tí ó rán an níṣẹ́, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣe láǹfààní. Iyì Thomas kò dín nípa bẹ́ẹ̀; àwọn obìnrin Èkó ni kò ní pàdánù ohùn wọn.