Ẹnà Àwọn Ọ̀dọ́ Jakarta

Àgbàlagbà tó bá gbọ́ ẹnà lẹ́nu ọmọdé kì í sábà fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó máa ń rò ni pé òun ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún. Irú ìfura bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ní Indonéṣíà fi gbọ́ prokem, èdè tó ti ẹnu àwọn ìpáǹle ìgboro Jakarta bọ́ sẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún 1970 sí 1990. Ìhun rẹ̀ kò lè ṣòro fún ẹni tó bá mọ ẹnà. Àwa a máa fi sílébù kún ọ̀rọ̀. Ní tiwọn, wọn a kọ́kọ́ gé ìdí ọ̀rọ̀ sọnù, wọn a sì ki ok bọ ìyókù láàárín. Bapak, èyí tó túmọ̀ sí bàbá, di bap, bap sì di bokap. Gaul ló gbapò rẹ̀ lónìí. Gue àti lo, èyí tí í ṣe èmi àti ìwọ nínú rẹ̀, inú èdè Hokkien ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ń ba èdè jẹ́. N kò gbà. Ṣebí àwọn ọ̀dọ́ náà ló búra ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 1928, lábẹ́ àkóso àwọn ará Họ́láǹdì, pé èdè Indonéṣíà ni yóò jẹ́ èdè ìṣọ̀kan àwọn. Nígbà tí ìjọba Suharto, tó kógbá sílé ní 1998, wá ń tẹnu mọ́ ọn láìsinmi pé kí wọ́n máa sọ èdè tó dára tó sì tọ̀nà, èdè náà gan bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Ta ni yóò fi èdè ìkéde ọ́fíìsì kọnu ìfẹ́ sí ọmọge?

Èdè àwọn ará Java ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kó tó yan ọ̀rọ̀: bí ẹgbẹ́ ẹni bá ń jẹun, mangan ni, bí àgbà bá ń jẹun, dhahar ni. Èyí ju o àti ẹ tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí èdè ọ̀wọ̀ yìí kò dá lójú ló ti sá wọ inú èdè Indonéṣíà, níbi tí àṣìṣe kò ti fi bẹ́ẹ̀ dójú tini. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ̀rù àgbà ló lé wọn.

Ó yé mi, nítorí èmi náà ti lé ọmọ kan bẹ́ẹ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kí mi kú ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ìdúró ni mo wà. Mo rẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì sì bá mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà títí ó fi gboyè jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kí mi.